Ta Ni Yóò San Owó Iná Tí Fóònù Ń Jẹ?

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àpò ẹni tó ń ta gàrí ní Wásinmi ló ń bọ̀ wá bá.

Bí oníbàárà bá fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ọ̀pọ̀ wa rò pé afẹ́fẹ́ lásán ló gbé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gba iṣẹ́ náà, tó gbé e lọ sí ilé ńlá tí kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́. Kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kì í sùn, wọ́n sì máa ń gbóná, nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi níbẹ̀. Iná ló gbé gbogbo rẹ̀ ró.

Ní Ireland, irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún iná orílẹ̀-èdè náà ní 2023, ó ju èyí tí gbogbo ilé gbígbé inú ìlú wọn lò lọ. Àjọ IEA sì ṣírò pé iná tí wọ́n ń jẹ káàkiri ayé yóò ju ìlọ́po méjì ti 2024 lọ tó bá fi di 2030.

Níbo ni ewu wà? Ẹni tó yáwó kọ́ ilé iṣẹ́ iná nítorí kọ̀ǹpútà kò lè ká a bí ẹní bí oníbàárà kò bá dé. Gbèsè náà lè bọ́ sórí owó iná mẹ̀kúnnù.

Ní tiwa, iná ò tó. Lọ́dún 2024, iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú lọ́pọ̀ ìgbà. Dísù ni ọ̀pọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mu. Bí dísù bá wọ́n, dátà á wọ́n. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC gbé yúníìtì iná àwọn oníbàárà Band A láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ní oṣù kìíní 2025, NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà wọ́n: gbogbo ọjà sá sórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbà á, ọjà sì bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Kí la ó wá ṣe?

1. Ẹ máa kọ owó dátà, owó POS, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ṣáájì sínú ìwé, bí ẹ ti ń kọ owó ọkọ̀. Ẹni tó ń ra epo ₦2,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26 ti ná ₦52,000 lóṣù. Bí kò bá ṣírò rẹ̀, á máa pè é ní èrè.

2. Ẹ má kó gbogbo owó òwò sórí fóònù. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má sì gbé ọjà fún oníbàárà títí owó yóò fi wọlé ní tòótọ́.

3. Ẹ tọ́jú pásíbúùkù yín. Bí iná bá lọ, ìwé kì í kú.

4. Ẹni tó fẹ́ yáwó ra sólà, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá owó epo tí yóò ṣẹ́kù á tó san gbèsè náà, kó sì bi olùtajà léèrè iye ọdún tí bátìrì lè lò. Ó sàn kí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn sún mọ́ra dá owó rà á pọ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí kálukú mú ìṣirò tirẹ̀ dání.