Kì í ṣe ẹyìn ló ń mú ìrù odídẹrẹ́ pọ́n

Láti ìparí ọdún 2024, nígbà tí ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ àwọn olùwádìí kan ní ìlú Porto, ní Pọ́túgà, jáde, ni àwọn tó ń sin odídẹrẹ́ káàkiri àgbáyé ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé a ti mọ ohun tó ń pinnu bóyá ìyẹ́ ẹyẹ náà yóò pọ́n tàbí yóò ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí ìròyìn náà kò tẹnu mọ́ tó, tó sì yà mí lẹ́nu jù, ni pé odídẹrẹ́ kì í yá àwọ̀ lọ́wọ́ oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pò ó, nínú ihò ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìyẹ́ náà bá ń hù lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ẹyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ inú omi ló ń sọ flamingo di aláwọ̀ òdòdó. Adìẹ tó bá ń jẹ àgbàdo pupa, inú ẹyin rẹ̀ á pọ́n dáadáa. Àwọn tó ń sin kánárì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mọ ọgbọ́n yìí, wọ́n á lọ ata gbígbẹ mọ́ oúnjẹ ẹyẹ wọn nígbà tí ìyẹ́ àtijọ́ bá ń bọ́ tí tuntun ń hù. Ẹni tó bá wá rí odídẹrẹ́ inú igbó wa tó ń jẹ ẹyìn lórí ọ̀pẹ, tó wo ìkóódẹ nídìí rẹ̀, kò jẹ̀bi bó bá rò pé pupa ẹyìn ló lọ sí ìrù. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, Kevin McGraw àti Mary Nogare yẹ ìyẹ́ pupa irú odídẹrẹ́ 44 wò. Èròjà márùn-ún kan náà ni wọ́n bá lára gbogbo wọn, ìdílé èròjà tí a ń pè ní psittacofulvin, tí a kò rí lára ẹ̀dá mìíràn. Pupa inú oúnjẹ ń dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ náà o, àmọ́ kì í wọ ìyẹ́.

Báwo ló ṣe wá ń ṣe é? Nínú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ìyẹ́, ẹ́ńsáìmù kan máa ń so èròjà kéékèèké pọ̀ títí wọn yóò fi di okùn gígùn. Ìdí okùn náà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní aldehyde bá wà níbẹ̀, pupa ni a ó rí. Bí ẹ́ńsáìmù kejì tó ń jẹ́ ALDH3A2 bá sọ aldehyde yẹn di ásíìdì, àwọ̀ ìyeyè ni yóò jáde. Níbi tí ẹ́ńsáìmù yìí bá ti pọ̀, ìyeyè. Níbi tó bá ti kéré, pupa. Dusky lory, irú odídẹrẹ́ kan ní ilẹ̀ New Guinea, ló tú àṣírí náà fún àwọn olùwádìí Porto náà, nítorí pé nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo yẹn, àwọn kan pọ́n, àwọn kan sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ́ńsáìmù yìí kan náà wà lára èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ lára tiwa ni láti pa oró àwọn èròjà kan tó ń jáde láti inú ọ̀rá, ọmọ tí wọ́n bá sì bí tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ máa ń ní àìsàn awọ àti ti iṣan ara. Ohun èlò ìtọ́jú ara ni odídẹrẹ́ sọ di ohun èlò ẹwà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọ̀ ewé, torí òun ló pọ̀ jù lára àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Kò sí èròjà àwọ̀ ewé lára odídẹrẹ́ kankan, kò sì sí ti búlúù. Inú ẹ̀ka ìyẹ́ wọn kún fún ihò tín-tìn-tín bíi ti kànìnkànìn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀, búlúù ló máa ń ta padà sí wa lójú, mẹ́lánìnì dúdú tó wà nísàlẹ̀ á sì gbé ìyókù mì. Fi àwọ̀ ìyeyè psittacofulvin lé e lórí, ó di àwọ̀ ewé. Budgerigar, odídẹrẹ́ kékeré ilẹ̀ Ọsirélíà tí John Gould mú láàyè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1840, àwọ̀ ewé àti ìyeyè ló ní nínú igbó. Àwọn oníbúlúù tí wọ́n ń tà lónìí kò gba àwọ̀ tuntun kankan. Ní ọdún 2017, Thomas Cooke, Carlos Bustamante àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé lẹ́tà kan péré ló yí padà nínú jíìnì ẹ́ńsáìmù tó ń so okùn àwọ̀ náà. Ìyeyè bọ́ kúrò, búlúù tó wà nísàlẹ̀ látìgbà yìí wá hàn síta.

Ẹ̀rí àtijọ́ kan wà tó dà bíi pé ó lòdì sí gbogbo èyí. Nínú ìwé tí Charles Darwin tẹ̀ jáde lọ́dún 1868 nípa àwọn ẹran ọ̀sìn àti ohun ọ̀gbìn, ó ròyìn ohun tí Alfred Wallace sọ fún un: pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amazon máa ń fi ọ̀rá ẹja ńlá bọ́ odídẹrẹ́ aláwọ̀ ewé, ìyẹ́ pupa àti ti ìyeyè á sì hù lára rẹ̀. Ìròyìn mìíràn láti agbègbè kan náà ní wọ́n á fa ìyẹ́ náà tu, wọ́n á fi oje ara ọ̀pọ̀lọ́ kan pa ojú ibẹ̀. Lójú tèmi, bí nǹkan wọ̀nyí bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ó jọ pé fífà tí wọ́n fa ìyẹ́ tu ló ṣe é, ju ọ̀rá ẹja lọ. Ihò ìyẹ́ tó fara gbọgbẹ́ lè ṣi àwọ̀ pò. Mi ò lè búra sí i, ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù tì mí síhà ibẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹni tó ní odídẹrẹ́ nínú kéèjì nílé. Nígbà tí àwọ̀ kì í ti inú oúnjẹ wá, àwọ̀ tó bá ṣàdédé yí padà ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí ìyẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú létí lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tàbí pé ẹ̀pà àti hóró sọ́ńfúláwà nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Kò sí fítámì A tó tó nínú hóró. Ẹyìn wulẹ̀ dára gan-an fún un, kò kàn ní í fi pọ́n ni. Ata náà kò burú, torí ẹyẹ kì í mọ títa rẹ̀ lára. Píà ni kí ẹ má jẹ́ kó tọ́ wò, ó ń pa odídẹrẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín páànù ìdín-nǹkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù.

Odídẹrẹ́ tiwa, aláwọ̀ eérú, ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù. Nínú igbó, wọ́n ti ń tán lọ. Ìwádìí kan ní Ghana lọ́dún 2016 fi hàn pé iye wọn níbẹ̀ ti fi ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láti ọdún 1992, lọ́dún 2016 yẹn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó pàdé ní Johannesburg fòfin de òwò èyí tí a mú nínú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ìkóódẹ ṣì wúlò fún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ níbí, ní Brazil àti ní Cuba, àmọ́ ìyẹ́ máa ń bọ́ fúnra rẹ̀ lára ẹyẹ tí wọ́n ń sìn, mo sì gbà pé ìyẹn lè dín ọwọ́ ọdẹ kù bí a bá ń ṣà á pa mọ́.

Àwọn kan máa ń dunnú bí ìyẹ́ pupa bá hù láyà tàbí lápá ẹyẹ yìí, wọ́n á ní ẹyẹ àrà ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí a bí àwọn kan pẹ̀lú rẹ̀, ọgbẹ́ ihò ìyẹ́ sì lè fà á. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àmì fáírọ́ọ̀sì tó ń ba àgógó àti ìyẹ́ jẹ́, tí kò tíì ní oògùn, tó sì ń ràn nípasẹ̀ eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́. Ẹ ya ẹyẹ náà sọ́tọ̀, kí dókítà ẹranko gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí fáírọ́ọ̀sì náà tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí 90 ọjọ́. Bí wọn kò bá rí i mọ́, ara ẹyẹ náà ti lé e jáde. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá odídẹrẹ́ mìíràn gbé.