Ọmọ Aláàbọ̀ Ara Tí Ó Ń Di Àgbà

 Ilé tí ó ní ọmọ aláàbọ̀ ara ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ó lè jẹ́ arọ, adití, afọ́jú, tàbí oníwárápá.

Òfin ọmọdé tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Bí ó bá pé ọdún 18, ó di àgbà. Ara rẹ̀ kò yí padà lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tí kò rìn lánàá kò ní rìn lónìí. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ tí ó ń rí gbà nítorí pé ó jẹ́ ọmọdé lè dópin. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú àgbà, ẹ̀yìn ilé ni yóò padà jókòó sí.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ọdún 18. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní ọdún 14 tàbí 15.

Ìwé ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn òbí kan kò ṣe é fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ni yóò fi ṣe? Bí ọmọ náà kò bá ní in, ẹ lọ béèrè ní mẹ́rì Bassila. Láìsí ìwé ìbí, ìwé ìdánimọ̀ àgbà yóò ṣòro fún un láti gbà.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó léwu jù. Bí ọmọ oníwárápá ṣe ń tóbi, oògùn tí ó tó o tẹ́lẹ̀ lè má tó o mọ́. Ẹ mú un lọ kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì, ìbáà ṣe pé gìrì náà kò ti dé fún oṣù púpọ̀. Bí a bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un léraléra títí yóò fi pa á. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ valproate, ó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Bí ọmọbìnrin yín bá ń lò ó, ẹ jẹ́ kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ẹ má gbàgbé pé itọ́ oníwárápá kì í ranni. Ọ̀gá iṣẹ́ tí kò gbà á nítorí ìyẹn, ẹ ṣàlàyé fún un. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe iṣẹ́ ẹ̀bá iná, orí igi tàbí etí kànga.

Irin tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ arọ náà a máa kéré. Bí ó bá ń bó o lára, ó ti kéré nìyẹn.

Ohun kan wà tí ó ń dùn mí. A máa ń bi ìyá ní ìbéèrè, ọmọ yóò sì jókòó bí àpò iṣu. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń dùn ún. Bí ó bá jẹ́ adití, kí ó fi ọwọ́ sọ ọ́. Adití ni Andrew Foster ará Amẹ́ríkà. Òun ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1957, àti ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ orúkọ oògùn rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ìwé ìwòsàn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá kò ní wà láéláé.

Ní ọdún 2017, ìjọba ṣe òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara, ọmọdé àti àgbà. Ọ́fíìsì tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, tí ó ti di GUPS, ni ẹ ó ti béèrè ohun tí ó wà fún àgbà àti ọ̀nà tí ọmọ lè gbà kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà Bassila, ẹ yà síbẹ̀. Ẹ mú ìwé ìbí àti ìwé ìwòsàn dání, kí ẹ sì mú ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ.