Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí ìsọfúnni yín kì í dà pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò yín?

Iyàn 5G tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ló dùn jù níbẹ̀: bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń fi fídíò ránṣẹ́ sí Ṣadé àti Kúnlé nígbà kan náà, lórí ìgbì kan náà, báwo ni kálukú ṣe ń rí tiẹ̀ gbà?

1. Áńtẹ́nà pọ̀ lórí òpó. Pátákó 5G kan ṣoṣo lè ní 64.

2. Fóònù yín ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń fi àmì kan tí òpó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́. Bí àmì náà bá ṣe dé, lẹ́yìn tó ti kọlu ògiri àti páànù, ni òpó fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

3. Ibí gan-an niṣẹ́ wà. Kí òpó tó fèsì, ó ti ṣírò ohun tí áńtẹ́nà kọ̀ọ̀kan máa ṣe: èyí á dín agbára kù, ìyẹn á fi ìgbì rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀. Tí ìgbì Ṣadé bá dé ọ̀dọ̀ Ṣadé, wọ́n á para pọ̀, wọ́n á lágbára. Lọ́dọ̀ Kúnlé, òkè ìgbì kan á bọ́ sínú kòtò èkejì, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kúnlé lọ́dọ̀ Ṣadé. Precoding ni wọ́n ń pè é.

(Kì í ṣe tuntun o! Onímọ̀ kan, Max Costa, ti fi ìṣirò hàn lọ́dún 1983 pé bí olùránṣẹ́ bá ti mọ ìdíwọ́ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé borí pátápátá.)

4. Nínú mọ́tò tó ń sáré, ọ̀nà ti yí padà kí ìṣirò tó parí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣòro.

Ẹ bá wa pín in dé gúrúùpù yín, kẹ́ ẹ sì kọ ìbéèrè yín sísàlẹ̀.