Ìyapa Áfríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà

Ìyapa Áfríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìtàn ilẹ̀ ayé, nínú èyí tí ilẹ̀ ńlá kan ṣoṣo là sí méjì, tí apá gúúsù Òkun Atlántíkì sì wà sáàárín wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà gúúsù ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 130 sẹ́yìn. Ibi tí ilẹ̀ méjèèjì ti já kúrò lára ara wọn kẹ́yìn, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 100 sẹ́yìn, ni agbègbè tí etíkun Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Ghánà wà lónìí. Ṣáájú ìgbà náà, ẹranko lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ tí à ń pè ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí dé Pernambuco ní Bràsíl. Òkun tí a kó àwọn ọmọ Yorùbá gbà kọjá lọ sí oko ẹrú kò tíì sí rárá.

Àwọn àwo ilẹ̀

Èèpo ilẹ̀ ayé kò rí bí èèpo ẹyin tí kò tíì fọ́. Ó pín sí àwọn ègé ńláńlá tí a lè pè ní àwo ilẹ̀. Àwo ilẹ̀ kan lè nípọn tó kìlómítà 100. Ó wà lórí òkúta gbígbóná tí kì í ṣe omi, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ débi pé ó ń sún díẹ̀díẹ̀. Ooru inú ilẹ̀, àti ìwúwo àwọn etí àwo tí ń rì lọ sísàlẹ̀, ni ó ń mú wọn rìn. Lọ́dọọdún, Áfríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3 jìnnà sí ara wọn, bí èékánná ọwọ́ ṣe ń hù. Ìwọ̀n yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n láàárín mílíọ̀nù ọdún 100 ó di kìlómítà 3,000, èyí tí ó sún mọ́ ìbú òkun náà níbi tí ó ti tóóró jù lọ.

Láàárín òkun yìí ni òkè gígùn kan wà lábẹ́ omi. Òkúta yíyọ́ ń jáde níbẹ̀, ó ń dì, ó sì ń di ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tuntun lọ́tùn-ún àti lósì. Ayé kò tìtorí èyí tóbi sí i, nítorí ohun tí ó ń wáyé níhìn-ín ń wọlẹ̀ lọ níbòmíràn. Ní etí ìwọ̀-oòrùn Gúúsù Amẹ́ríkà, àwo kan tí à ń pè ní Nazca ń wọ abẹ́ ilẹ̀ náà lọ. Òun ni ó gbé àwọn òkè Andes ga. Òun náà ni ó fa ìmìtìtì ilẹ̀ Chile ti ọdún 1960, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.5, èyí tí ó lágbára jù lọ nínú gbogbo èyí tí ẹ̀rọ tíì wọ̀n. Ní ti Áfríkà, etí àwo rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wà láàárín òkun, ó jìnnà sí etíkun. Ìdí nìyí tí ìmìtìtì ńlá fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa.

Àwọn ẹ̀rí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àwòrán ayé yóò rí i pé igun Bràsíl fẹ́ bọ́ sínú kọ̀rọ̀ Áfríkà. Abraham Ortelius ti kọ nípa èyí ní ọdún 1596. Ṣùgbọ́n Alfred Wegener, ọmọ Jámánì tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní ọdún 1912, tí ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1915. Ó tọ́ka sí Mesosaurus, ẹran afàyàfà kékeré kan tí egungun rẹ̀ ti di òkúta, tí a rí ní gúúsù Áfríkà àti ní Bràsíl. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò lè wẹ odindi òkun já. Síbẹ̀, Wegener kò lè sọ agbára tí ó ń ti ilẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́. Ó kú ní Greenland ní ọdún 1930 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó borí.

Ní ọdún 1963, Fred Vine àti Drummond Matthews ṣàlàyé pé àmì òòfà inú òkúta ìsàlẹ̀ òkun jọ ara wọn lápá méjèèjì òkè abẹ́ omi náà. Ní ọdún 1965, Edward Bullard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe etíkun tí a ń fojú rí ni wọ́n lò bí kò ṣe etí ilẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀, ó sì bá ara mu ju bí a ti rò lọ.

Nínú gbogbo ẹ̀rí, kò sí èyí tí ó ṣòro láti jiyàn bí ti ọjọ́ orí òkúta. Ní ìwọ̀-oòrùn Accra ní Ghánà, òkúta ti tó mílíọ̀nù ọdún 2,000. Bí a bá kọjá sí ìlà-oòrùn rẹ̀ títí wọ Nàìjíríà, púpọ̀ nínú àwọn òkúta gba àmì ooru ńlá kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn. Òkúta Òkè Ìdànrè wà nínú ìdílé kejì yìí. Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Yunifásítì São Paulo rò ó pé, bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti jẹ́ ọ̀kan rí, ààlà ìdílé òkúta méjì yìí gbọ́dọ̀ wọ Bràsíl ní ìtòsí ìlú São Luís. Wọ́n wọn ọjọ́ orí àwọn òkúta ibẹ̀. Ní ọdún 1967 wọ́n kéde pé ibi tí wọ́n fojú sí gan-an ni ààlà náà wà.

Àpá rẹ̀ ní Nàìjíríà

Nígbà tí ilẹ̀ ń là, ó là sí ọ̀nà mẹ́ta ní ibi tí ẹnu odò Ọya wà lónìí. Méjì di òkun. Ẹ̀kẹta wọ inú ilẹ̀ lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ó rìn tó nǹkan bí kìlómítà 1,000, ó sì dáwọ́ dúró. Òun ni àfonífojì Benue. Bí kò bá dáwọ́ dúró ni, òkun ni ìbá ya Ìbàdàn kúrò lára Calabar. Omi òkun wọ inú rẹ̀ nígbà kan, ẹrẹ̀ àti yanrìn sì kún un. Níbẹ̀ ni a ti ń rí èédú Enugu àti òjé Abakaliki. Ní ẹnu rẹ̀, ẹrẹ̀ tí odò kó wá nípọn ju kìlómítà 10 lọ ní àwọn ibì kan. Inú ẹrẹ̀ yìí ni epo rọ̀bì tí a kọ́kọ́ rí ní Oloibiri ní ọdún 1956 ti wá.

Àwo Áfríkà kò dákẹ́ pátápátá. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, àti ní Àbújá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Kò tó ohun tí ń wó ìlú. Ti Accra yàtọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, ìmìtìtì tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ 6.5 wó ilé, ó sì pa ènìyàn, ní agbègbè kan náà tí ìdílé òkúta méjì tí Hurley wọ̀n ti pàdé. Ìlú kékeré ni Accra nígbà náà. Ní ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí ń gbé ní ẹkùn Greater Accra ti lé ní mílíọ̀nù 5.