Rẹ́sìn àti Sílíkónì tí Owó Wọn Kò Gani Lára

Sílíkónì, èyí tí ó máa ń ṣàn kí ó tó dì bíi rọ́bà, ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi iṣẹ́ ọnà gbafẹ́ fi ń ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da rẹ́sìn sínú rẹ̀ kí ó lè gba ìrísí tí wọ́n fẹ́. Sílíkónì tí èròjà onítánńganran ń mú dì kò wọ́n tó onípílátínọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ó máa ń súnkì díẹ̀, kò sì yẹ fún mọ́ọ̀dù oúnjẹ. Ọ̀nà tí ó dínwó jù, tí ó sì yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú, ni pípo sílíkónì tí wọ́n fi ń dí etí gíláàsì, irú èyí tí ó ń rùn bí ọtí kíkan, mọ́ sítáàṣì àgbàdo níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa. Ní ti rẹ́sìn, polyester tí àwọn tí ń fi fáíbà tún ara ọkọ̀ ṣe ń lò kò wọ́n tó epoxy, bí òórùn rẹ̀ tilẹ̀ le. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì yẹ kí ènìyàn rà, nítorí pé ó máa ń bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ nílẹ̀.