Ẹ̀kọ́ Ogun Láàárín Àwọn Aládùúgbò

Ẹ̀yin ará Orè àti Òdìgbò, ẹ mọ ohun tí oríta ń jẹ́. Ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní àti ọ̀nà Oǹdó ni ó pàdé ní Orè. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ogun Bìáfúrà fi dé ibẹ̀ li oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí “Ó le kú, ijà Orè” sì fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo Yorùbá.

Ewu ilẹ̀ aládùúgbò kì í san owó ibodè kí ó tó wọlé. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó li ọdún 1975 mọ èyí. Li ọdún 1981, ní Freetown, wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹni tí ó bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn li ó gbógun tì. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kì í jà. Ọ̀gágun tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tọ́ àti èyí tí a fi Faransé tọ́ kì yóò gbọ́ ara wọn yé lójú ogun, bí wọn kò bá ti jùmọ̀ jókòó li ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú. Nítorí náà li a ṣe yan ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ti Àbújá fún àwọn àgbà tí ń pète, ti Accra fún àwọn tí ń darí iṣẹ́, ti Bamako fún àwọn tí ń bẹ lójú pápá gan-an.

Li ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni Mali, Niger àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kẹta wá bọ́ sí ilẹ̀ ẹni tí ó ti lọ. Èmi ka èyí sí àdánù tí ó ju ti ọjà lọ, nítorí Niger ni ó bá wa pààlà níhà àríwá, ààlà náà sì ju 1,500 kìlómítà lọ.