Ẹni Tó Dá Gun Òkè

Bí èèyàn bá wà ní Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, tó ní òun fẹ́ lọ gun òkè, ẹnu ò ní í ya ẹnikẹ́ni. Òkúta ńláńlá tó yọrí láàárín ọ̀dàn ò ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn, agbègbè tí Komu wà. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta lẹ jọ ń lọ?" Tó bá fèsì pé òun nìkan ni, ìbéèrè kejì ti dé nìyẹn: "Ṣé kò sí nǹkan?"

Wọn ò ṣàdédé bi í. Láàárín Yorùbá, ẹni tó bá dá gba orí òkè lọ, ọ̀ràn ló gbé e lọ. Ó lè jẹ́ ọmọ ló ń wá, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà dí mọ́ ọn. Láti bí ọdún 1925 tí Mósè Orímọ́ládé àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀, tó tún wá kan ìsọjí ńlá tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, lọ́dún 1930, ni àwọn Aládùúrà ti sọ ààwẹ̀ orí òkè di àṣà. Babalọlá fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà kó tó gbọ́ ìpè lọ́dún 1928. Àwọn Mùsùlùmí Ìsẹ́yìn náà kúkú mọ ìtàn òkè Hírá lẹ́bàá Mẹ́kà, níbi tí Ànábì Muhammad ti máa ń dá jókòó nínú ihò àpáta kí ìfihàn àkọ́kọ́ tó dé bá a.

Ọ̀dọ́ tó bá wá ti Èkó dé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, tó ní kò sí nǹkan kan, òun kàn fẹ́ dá wà kóun lè mọ ara òun ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rú àwọn àgbà lójú. Wọ́n á ní kó mu omi ná.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òkè kì í ṣe ibi àdáwà nígbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, odidi ìlú ló ń kó gun òkè, tọkọ taya, tewúrẹ́ tadìyẹ. Àwọn ará Ìgbẹ́tì fi òkè Ìyámọ̀pó ṣe ibi ìsádi. Ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè tiwọn títí di ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìlú wà lónìí. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ wọn ṣì wà lókè níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹni tó dá lọ ń gùn lónìí, èrò ló là á.

Àdó-Àwáyè, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá gun òkè lónìí máa ń forí lé. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á fúnra rẹ̀, ibi tí mímí bá ti di gúlegúle ni yóò ti gbàgbé iye tó kà. Tí àtẹ̀gùn bá tán, ó di orí àpáta gbalasa, kí bàtà má yọ̀ ló kù. Òkúta Ìṣàgè wà níbẹ̀, ó nà ró bí ẹni pé ọwọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dúró ni, ìdí rẹ̀ ò sì tó nǹkan lára bó ṣe ga tó. Ìgbà tí ọ̀dá bá dá ni àwọn ará ìlú ń ké sí i fún òjò. Níwájú sí i ni adágún omi Ìyàkẹ́ wà, koríko yí etí rẹ̀ ká. Ìgbàgbọ́ àwọn onílé ni pé kò nísàlẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò kó sínú rẹ̀. Àwọn tó ń polówó ìrìn àjò a máa sọ pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, pé ìkejì wà ní Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí a fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri àgbáyé. Ìyàkẹ́ ò sì nílò àsọdùn yẹn kó tó yẹ ní wíwò.

Ẹni tó bá ń retí pé òun máa pàdé èèyàn tuntun nínú ara òun lókè yẹn, èémí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé. Lẹ́yìn náà ló kan ìbẹ̀rù. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún ogún èèyàn níbi iṣẹ́ lè di ẹni tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń fà lọ́wọ́ gòkè, tó ń sọ fún un pé, "Ẹ fi ẹsẹ̀ yín síbí, sà. Ẹ má wo ìsàlẹ̀." Ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀ nípa ara ẹni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í kà á kún un. Lórílẹ̀-èdè Japan, láti ọdún 1982 ni ìjọba ti ń rọ aráàlú láti máa lọ fara balẹ̀ rìn nínú igbó nítorí ìlera wọn. Wọn ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé yóò di ẹlòmíràn.

Ibòmíràn tó yẹ adáwà ni ọgbà ìpamọ́ ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, tó tẹ́ rẹrẹ dé 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Èrò kí ìjọba ya odidi igbó sọ́tọ̀ fún ìwòran bẹ̀rẹ̀ ní Yellowstone, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1872. Ti ìhín bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba ní àwọn ọdún 1930, ó di ibi ìpamọ́ ẹranko lọ́dún 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1991. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, egbin wà níbẹ̀, ọ̀bọ ò sì lónkà. Àmọ́ inú rẹ̀ náà ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, Clapperton àti Lander, wọ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 1826 tí Aláàfin ṣì ń jọba níbẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tó fi tú pátápátá. Ògiri odi rẹ̀ tó ti wó àti àfọ́kù ìkòkò ló kù láàárín igi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni ti wọ Òkè-Ògùn gan-an nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú àti ìdílé lágbègbè náà ló so ìtàn wọn mọ́ Ọ̀yọ́-Ilé. Bí àgbà kan bá bi àlejò pé, "Ọmọ ta ni ẹ́?", tí tọ̀hún sì dárúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, àgbà náà á rẹ́rìn-ín, á tún bi í pé: "Mo ní, ilé wo?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro ni kò mọ̀ ọ́n. Ó di kí wọ́n pe ìyá wọn lórí fóònù, kí ìyá náà máa sọ orúkọ agbo ilé, orílẹ̀ àti oríkì tí kò ráyè sọ láti ọdún yìí wá, kí àgbà náà sì máa dá a lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀ wọ́n."

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, oríléeṣẹ́ ọgbà náà wà ní ìlú Ọ̀yọ́; ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ béèrè bí ààbò ọ̀nà ṣe rí lásìkò náà, nítorí ọ̀rọ̀ igbó ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ ni ẹranko ń hàn jù, àmọ́ ọyẹ́ a máa bo ọ̀nà jíjìn mọ́ ẹni tó bá gun òkè. Kò sì sẹ́ni tí wọ́n á jẹ́ kó wọ inú igbó náà láìsí ẹ̀ṣọ́ tó máa bá a rìn, bó ti wù kó fẹ́ dá wà tó.